Apandisíìtì: ká dúró de abẹ oníhò ni, àbí ká tètè lọ síbi tí wọ́n ti lè là á?

Ọ̀rọ̀ inú rírun la fẹ́ bá yín sọ lónìí, àmọ́ kì í ṣe inú rírun lásán. Apandisíìtì ni, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní appendicite.

Látijọ́, bí wọ́n bá ti ní wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ apandisíìtì fún èèyàn, àpá gígùn kan lápá ọ̀tún ìsàlẹ̀ ikùn ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n mọ́. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ti ń yí padà. Àwọn ọmọ wa kan tó wà ní Cotonou, ní Èkó tàbí ní Paris ń padà wálé pẹ̀lú ojú ihò kékeré mẹ́ta péré. Wọ́n á ní coelioscopie ni wọ́n fi ṣe tàwọn, pé kò pẹ́ táwọn fi kúrò nílé ìwòsàn, pé kò tiẹ̀ dùn àwọn tó bí àwọn ṣe rò.

Àwọn tó wà nílé á gbọ́, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ṣé abẹ oníhò yìí dáa ju abẹ tí wọ́n fi ń la ikùn lọ ni? Tó bá dáa jù, kí ló dé tí wọ́n ṣì ń la tiwa? Ṣé kéèyàn má kúkú gbà kí wọ́n la òun, kó ṣe sùúrù títí yóò fi rówó lọ sí ìlú ńlá?

Ìbéèrè kẹta yẹn ló ń bà wá lẹ́rù, òun ló sì jẹ́ ká jókòó yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Èrò tiwa rèé, ká tètè sọ ọ́: abẹ oníhò dáa, ó sì yẹ kó dé ọ̀dọ̀ wa náà lọ́jọ́ kan. Àmọ́ kì í ṣe irú abẹ tí wọ́n lò ló ń pa ẹni tí apandisíìtì bá mú. Pípẹ́ ló ń pa á.

Kí ló ń jẹ́ apandisíìtì gan-an?

Níbi tí ìfun ńlá ti bẹ̀rẹ̀, lápá ọ̀tún ìsàlẹ̀ ikùn, nǹkan kékeré kan so mọ́ ọn. Ó rí bí ìka ọwọ́, inú rẹ̀ sì ní ihò. Òun ni wọ́n ń pè ní appendice. Gbogbo wa la bí i mọ́. Bí ìgbẹ́ líle tàbí nǹkan mìíràn bá dí ẹnu rẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ ò ní rọ́nà jáde mọ́. Kòkòrò àrùn á máa pọ̀ níbẹ̀, á wú, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní lè dé ara rẹ̀ dáadáa. Bí wọn ò bá tètè yọ ọ́, ó lè bẹ́. Tó bá ti bẹ́, ọyún àti ìdọ̀tí ìfun á tú sínú ikùn. Àwọn dókítà ń pe ìyẹn ní péritonite. Ibẹ̀ ni ewu ńlá wà.

Báwo ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀? Ìrora náà sábà máa ń kọ́kọ́ wà láyìíká ìdodo. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, á ṣí lọ sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, á sì dúró síbẹ̀. Oúnjẹ ò ní wu aláìsàn náà jẹ, èébì á máa gbé e, ara rẹ̀ lè gbóná díẹ̀. Tó bá wúkọ́, ibẹ̀ á dùn ún. Tí zémidjan tó gbé e bá kó sí kòtò, á fọwọ́ di ibẹ̀ mú. Ẹnikẹ́ni ló lè mú, àmọ́ àwọn ọmọ tó ti tó ọdún mẹ́wàá títí dé àwọn géńdé tí ò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ ló ń mú jù.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa ń rí gbogbo àmì yìí o. Ọmọ kékeré ò lè ṣàlàyé ibi tó ń dùn ún. Àgbàlagbà lè máà ní ibà rárá. Ti aláboyún náà lè yàtọ̀, torí pé oyún ti ti ìfun kúrò ní àyè rẹ̀. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá sì pẹ́, tí ìsàlẹ̀ ikùn wá ń ro ó, ó lè máà jẹ́ apandisíìtì. Ó lè jẹ́ oyún tó dúró síta ilé ọmọ, èyí tó lè bẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ sì máa dà sínú. Ìyẹn náà kì í dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ohun kan wà tó ti tan ọ̀pọ̀ ilé jẹ. Nígbà tí appendice bá bẹ́, ìrora lè rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀. Àwọn ará ilé á máa dúpẹ́, wọ́n á ní àgbo ti ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ikùn á wú, á le bíi pákó, ara á gbóná gan-an. Inú rírun tó bá dédé rọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì tó ti le koko, tí aláìsàn ò sì lè jẹun, kì í ṣe ìwòsàn.

Abẹ lílà àti abẹ oníhò

Nínú abẹ lílà, dókítà á la awọ lápá ọ̀tún ìsàlẹ̀ ikùn, á ya àwọn iṣan tó wà lábẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, á wá appendice náà rí, á so ìdí rẹ̀ pa, á gé e kúrò, á sì rán ojú ibẹ̀ padà. Charles McBurney, dókítà kan ní New York, ló kọ̀wé nípa ọ̀nà ìlà yìí lọ́dún 1894, orúkọ rẹ̀ làwọn dókítà ṣì fi ń pè é títí dòní. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń lò ó káàkiri ayé. Tí appendice bá ti bẹ́ tí ìdọ̀tí ti gba inú ikùn kan, wọ́n lè ní láti la àárín ikùn kí wọ́n lè fọ inú rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí àpá àwọn kan fi gùn ju ti ẹlòmíràn lọ.

Nínú abẹ oníhò, wọn ò ní la ikùn. Wọ́n á dá ihò kékeré kan sí ìdodo, wọ́n á fẹ́ gáàsì sínú ikùn kó lè wú, kí àyè lè wà. Wọ́n á ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ tó níná lórí wọlé, ohun tó bá rí á sì máa hàn lójú tẹlifísàn. Wọ́n á tún dá ihò méjì mìíràn, ibẹ̀ ni wọ́n á gba ti irinṣẹ́ gígùn wọlé láti so appendice náà, láti gé e, láti fà á jáde. Gbogbo rẹ̀ á parí láì jẹ́ pé ọwọ́ dókítà wọ inú ikùn.

Kì í ṣe àná ló bẹ̀rẹ̀. Ní 1980, ní ìlú Kiel lórílẹ̀-èdè Jámánì, Kurt Semm ló kọ́kọ́ fi ọ̀nà yìí yọ appendice. Dókítà àwọn obìnrin ni. Inú àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dùn sí i rárá, wọ́n ta kò ó, àwọn kan tiẹ̀ ní kí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́dún 1987, Philippe Mouret, ọmọ Faransé, fi kámẹ́rà àti tẹlifísàn yọ àpò òróòro aláìsàn kan ní ìlú Lyon, látìgbà yẹn ni iṣẹ́ náà ti wá tàn ká ayé. Ohun tí wọ́n ń fi Semm ṣe yẹ̀yẹ́ sí nígbà kan ti wá di ohun tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ ní Yúróòpù. Torí náà, ẹni tó bá ní ẹ̀tàn ni coelioscopie, ẹ má gbà á gbọ́.

Èwo ló wá dáa jù?

Wọ́n ti fi abẹ méjèèjì wéra lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn láwọn orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ohun tí wọ́n rí ò ṣòro láti lóye.

Abẹ oníhò kì í jẹ́ kí ojú egbò kẹ̀ tó abẹ lílà. Ìrora rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kéré sí i. Ẹni tí wọ́n ṣe é fún máa ń tètè kúrò nílé ìwòsàn, bí ọjọ́ kan ṣáájú ẹni tí wọ́n là. Ó sì máa ń tètè padà sẹ́nu iṣẹ́. Fún àgbẹ̀ tí àkókò ebè kíkọ dé bá, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Àǹfààní mìíràn ni pé kámẹ́rà yẹn lè wo gbogbo inú ikùn. Bó bá jẹ́ pé kì í ṣe appendice ló ń dààmú aláìsàn, pàápàá tó bá jẹ́ obìnrin, dókítà á lè rí ohun tó ń ṣe é gan-an. Ẹni tó sanra púpọ̀ náà máa ń jàǹfààní rẹ̀, torí lílà onísanra máa ń ṣòro.

Àmọ́ abẹ oníhò náà ní tirẹ̀. Ó sábà máa ń gba àkókò ju abẹ lílà lọ. Owó irinṣẹ́ rẹ̀ ga. Wọ́n sábà ní láti kun aláìsàn lóorun pátápátá, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ ràn án lọ́wọ́ láti mí, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n lè ṣe abẹ lílà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tó ń mú kí ìsàlẹ̀ ara kú, tí aláìsàn á sì wà lójúfò. Àwọn ìwádìí kan tún rí i pé ọyún máa ń ṣẹ́kù sínú ikùn lẹ́yìn abẹ oníhò díẹ̀ ju lẹ́yìn abẹ lílà lọ. Nígbà míì sì rèé, dókítà á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ihò, á rí i pé inú ibẹ̀ ti bàjẹ́ jù, á wá la ikùn náà ni. Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé ó ṣàṣìṣe. Ọgbọ́n ni. Dókítà tó bá fẹ́ máa ṣe abẹ oníhò gbọ́dọ̀ mọ abẹ lílà dáadáa.

Ẹ wá wò ó báyìí. Ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì lóòótọ́, àmọ́ ìyàtọ̀ ọjọ́ díẹ̀ nílé ìwòsàn ni, ìyàtọ̀ ìrora àti ti àpá. Kì í ṣe ìyàtọ̀ ikú àti ìyè. Ìyàtọ̀ ikú àti ìyè wà láàárín ẹni tó dé ilé ìwòsàn kí appendice tó bẹ́ àti ẹni tó dé lẹ́yìn tó ti bẹ́. Ẹni tí wọ́n tètè là ní tòsí sàn ju ẹni tó ń wá ihò kékeré kiri títí ikùn fi bàjẹ́.

Ṣé àwa náà lè ní in?

Bẹ́ẹ̀ ni o. Kì í ṣe ohun tí ọwọ́ ọmọ Áfíríkà ò lè tó. Ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́hùn-ún, orírun wa, àwọn dókítà ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ń fi abẹ oníhò yọ appendice, wọ́n sì kọ ìrírí wọn sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn lọ́dún 2012. Àwọn dókítà wa ló ṣe é, ara àwọn èèyàn wa ni wọ́n ti ṣe é.

Ká má gbàgbé nǹkan kan ṣá o: ilé ìwòsàn yunifásítì nìyẹn. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wà níbẹ̀, àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ wà níbẹ̀, àwọn tó ń kun èèyàn lóorun náà wà. Kí abẹ oníhò tó lè ṣeé ṣe, iná mànàmáná gbọ́dọ̀ wà láìsí ségesège. Gáàsì gbọ́dọ̀ wà nínú sìlíńdà, kámẹ́rà àti iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, ẹni tó lè tún un ṣe tó bá bàjẹ́ sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Bí iná bá lọ nígbà tí wọ́n ń ṣe abẹ lílà, wọ́n lè tan tọ́ọ̀ṣì parí ẹ̀. Bí iná bá lọ nígbà abẹ oníhò, ojú tẹlifísàn á ṣókùnkùn, dókítà ò sì ní rí ohunkóhun mọ́ àyàfi tó bá la ikùn.

Lórílẹ̀-èdè wa, bí àtẹ̀gùn ni ètò ìlera ṣe rí. Centre de santé ti arrondissement ló wà nísàlẹ̀. Hôpital de zone ló tẹ̀ lé e, zone sanitaire sì jẹ́ 34 ní gbogbo Benin. Savè àti Ouèssè ló jọ wà nínú ọ̀kan. Lókè ìyẹn ni àwọn ilé ìwòsàn ẹ̀ka wà, irú èyí tó wà ní Abomey àti ní Parakou. CNHU ló wà lókè pátápátá ní Cotonou, ìjọba sì tún ti kọ́ ilé ìwòsàn ńlá mìíràn sí Abomey-Calavi. Àwọn ibi tó wà lókè yìí ni ẹ̀rọ abẹ oníhò yẹ. Àmọ́ láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Cotonou jẹ́ nǹkan bí 250 kìlómítà, láti ibí sí Parakou sì ju 150 lọ. Ẹni tó ń bọ̀ láti oko Okpara, tó máa kọ́kọ́ gun ọ̀kadà lórí ọ̀nà eléruku kó tó dé títì, ṣé òun náà ni ká máa sọ fún pé kó lọ wá ihò kékeré ní Cotonou?

Apandisíìtì kì í ṣe iṣẹ́ abẹ tó nílò ààfin kó tó ṣeé ṣe. Ní April 1961, Leonid Rogozov, dókítà ọmọ Rọ́ṣíà tí kò ju ọdún 27 lọ, wà ní ilẹ̀ yìnyín Antarctica pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Òun nìkan ni dókítà níbẹ̀. Apandisíìtì mú un, ìjì yìnyín ò sì jẹ́ kí ọkọ̀ òfuurufú lè wá gbé e. Ó gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora, ó ní kí awakọ̀ kan máa bá òun di dígí mú, kí òṣìṣẹ́ ojú ọjọ́ kan máa na irinṣẹ́ sí òun, ló bá la ikùn ara rẹ̀, ó sì yọ appendice náà. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni dán irú ẹ̀ wò o! Ohun tí à ń sọ ni pé òye dókítà, irinṣẹ́ tó mọ́ àti àkókò ló gbà á là. Kò ní kámẹ́rà, kò sì ní tẹlifísàn.

Kí ló ń mú kí a pẹ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí àkókò ń bọ́ sí lọ́dọ̀ wa.

Àkọ́kọ́ ni palu. Ara gbígbóná àti èébì, kíá la ó ti ní palu ni. Wọ́n á ra oògùn palu, wọ́n á lò ó fọ́jọ́ mẹ́ta. Òótọ́ ni pé palu pọ̀ lágbègbè wa, àmọ́ palu kì í mú kí ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún nìkan máa dunni nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Bí àyẹ̀wò bá tiẹ̀ fi palu hàn, ìyẹn ò ní kí apandisíìtì máà wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Èkejì ni oògùn tí à ń rà ní ẹ̀bá ọ̀nà. Tramadol àti irú wọn máa ń pa ìrora, wọn kì í pa àrùn. Aláìsàn á sùn, gbogbo ilé á sùn, appendice ní tirẹ̀ ò ní sùn. Lọ́dún 2017, ìjọba gbógun ti àwọn tó ń ta ayédèrú oògùn ní Adjégounlè ní Cotonou, àmọ́ a mọ̀ pé wọ́n ṣì ń rí i rà láwọn ọjà kan.

Ẹ̀kẹta ni àgbo àti ìyàgbẹ́. A ò bú àgbo o, àwọn baba wa ló fi lé wa lọ́wọ́, ó sì ní ibi tó ti wúlò. Àmọ́ ẹni tí ikùn ń dùn bẹ́ẹ̀, tí ẹ wá fún ní oògùn ìyàgbẹ́ tàbí tí ẹ fún ìdí rẹ̀ lómi egbòogi, ó lè mú kí ohun tó ti wú náà tètè bẹ́. Onísègùn ìbílẹ̀ tó bá mọṣẹ́ á sọ pé "Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, èyí kọjá tèmi." A mọrírì irú wọn gan-an.

Ẹ̀kẹrin ni owó. Bàbá wà lóko, owó kaṣú ò tíì wọlé, ẹ̀gbọ́n tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ wà ní Nàìjíríà, fóònù rẹ̀ ò sì lọ. Wọ́n á ní ká dúró dọ̀la. Ọ̀la yẹn ló máa ń sọ iṣẹ́ abẹ wákàtí kan di ọ̀sẹ̀ méjì nílé ìwòsàn, tí gbogbo owó tí wọ́n ní àwọn ń ṣọ́ á sì lọ ní ìlọ́po lọ́nà púpọ̀.

Ṣé oògùn nìkan ò lè wò ó?

Àwọn kan ti gbọ́ pé ní ilẹ̀ òyìnbó wọ́n ń fi antibiotique wo apandisíìtì láìṣe iṣẹ́ abẹ. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ gbọ́ ọ délẹ̀. Ní Finland, wọ́n ṣe ìwádìí lára 530 èèyàn. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní oògùn nìkan, kì í ṣe gbogbo wọn ló bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ abẹ. Ká ṣe é ní kúkúrú, bí 27 nínú ọgọ́rùn-ún ló padà ṣe iṣẹ́ abẹ kí ọdún kan tó pé. Nígbà tó fi máa pé ọdún márùn-ún, ó ti tó bí 39. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2020 rí i pé bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló ṣe iṣẹ́ abẹ kí oṣù mẹ́ta tó pé.

Nínú ìwádìí Finland yẹn, kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn, wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ scanner wo inú ikùn rẹ̀ láti rí i dájú pé kò tíì bẹ́. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti gba oògùn náà láti inú iṣan, dókítà sì ń ṣọ́ wọn. Kì í ṣe kápúsù tí wọ́n rà lọ́wọ́ oníkiri. Ẹni tó bá ń ti abúlé bọ̀, tí kò ní scanner nítòsí, tí kò sì ní lè padà wá kíákíá tó bá tún bẹ̀rẹ̀, kó má fi tirẹ̀ wé ti ará Finland.

Kí la fẹ́ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ?

Yorùbá ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí àwọn tó ń wá ìbò bá dé, tí wọ́n ní àwọn á gbé ẹ̀rọ ìgbàlódé wá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ wá bi wọ́n ní ìbéèrè mìíràn: ṣé dókítà oníṣẹ́ abẹ á wà níbẹ̀ lóru ọjọ́ Sunday? Ṣé ẹni tó ń kun èèyàn lóorun á wà? Ṣé ẹ̀jẹ̀ á wà? Ṣé ẹ̀rọ amúnáwá á ní epo? Ṣé ọkọ̀ ambulance á lè dé Kaboua kí ilẹ̀ tó mọ́?

Kì í ṣe àwa nìkan là ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní 2015, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kó jọ sọ pé bílíọ̀nù márùn-ún èèyàn láyé ni kò rí iṣẹ́ abẹ tó dára, tí agbára wọn sì ká, nígbà tí wọ́n nílò rẹ̀. Wọ́n ní ó yẹ kéèyàn lè dé ibi tí wọ́n ti lè ṣe césarienne, la ikùn, kí wọ́n sì tọ́jú eegun tó ṣẹ́ tó yọ síta, láàárín wákàtí méjì. Wọ́n ní la ikùn, wọn ò ní dá ihò sí i. Ní 2018 náà, ìwádìí tí wọ́n ṣe láwọn ilé ìwòsàn 247 ní orílẹ̀-èdè 25 ní Áfíríkà fi hàn pé àwọn tó ń kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ níbí tó ìlọ́po méjì ti ibòmíràn láyé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọn ò dàgbà tó àwọn ti ibòmíràn. Púpọ̀ jù lọ nínú wọn ò kú sórí tábìlì abẹ. Lẹ́yìn tí wọ́n ti parí iṣẹ́ abẹ ni wọ́n kú, nígbà tó yẹ kí ẹnì kan máa ṣọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì tó ń yẹ aláìsàn wò lóru lè gba ẹ̀mí là ju kámẹ́rà lọ.

Orílẹ̀-èdè wa lè ṣe é tó bá fẹ́. Láti 2009 ni ìjọba ti ń san owó césarienne fún àwọn obìnrin wa láwọn ilé ìwòsàn tó wà nínú ètò náà. Nígbà kan, owó yẹn ló ń mú kí àwọn ọkọ máa sáré kiri nígbà tí ìyàwó wọn wà nínú ewu. Ètò ARCH náà ti wà, èyí tó ní ìdáàbòbò ìlera fún àwọn tálákà jù lọ. Ohun tó kù ni kí gbogbo ilé mọ ohun tó kàn wọ́n nínú ẹ̀. Ẹ lọ béèrè ní mairie báyìí tí ara yín le: ṣé orúkọ wa wà níbẹ̀? Irú iṣẹ́ abẹ wo ni wọ́n máa ń san? Kò dáa kó jẹ́ ọjọ́ tí ikùn ọmọ le bíi pákó lẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ìwé kiri.

Ohun tó kù sí ọwọ́ wa

Bí inú bá ń run ẹnì kan nínú ilé yín ju wákàtí mẹ́fà lọ, tí ìrora náà sì ń lọ sápá ọ̀tún nísàlẹ̀, ẹ má ṣe fún un ní oògùn ìyàgbẹ́, ẹ má sì fún un lóúnjẹ. Ẹ gbé e lọ sí centre de santé, kẹ́ ẹ sì sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ gan-an, ibi tó ti kọ́kọ́ ń dùn ún, àti gbogbo ohun tó ti lò, títí kan àgbo. Ẹ má tijú. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ sí hôpital de zone, ẹ má yà sílé kẹ́ ẹ tó lọ.

Bí dókítà bá ní òun fẹ́ la ikùn náà, ẹ lè bi í bóyá abẹ oníhò wà níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni. Tó bá ní kò sí, ẹ má torí ẹ̀ gbé aláìsàn kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ jẹ́ kó rìn díẹ̀díẹ̀ láìpẹ́, kó má gbé ẹrù wúwo, kó má sì fọwọ́ kan ọkọ́ títí dókítà fi máa ní ó tó. Bí ara bá tún gbóná, tí ojú egbò pọ́n tàbí tó ń ṣọyún, ẹ padà síbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Lọ́jọ́ tí abẹ oníhò bá dé Ṣábẹ̀ẹ́, àwa náà á wà lára àwọn tó máa patẹ́wọ́. Kí ọjọ́ náà tó dé, àpá gígùn lára ọmọ tó wà láàyè kì í ṣe ìtìjú. Á bo aṣọ mọ́lẹ̀, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.